Ọ̀gá tí kì í pàṣẹ: báwo ni wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ ní Swídìn àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé iṣẹ́ kan ní Swídìn, Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì tàbí Finlándì lè lo oṣù kan gbáko láì gbọ́ kí ọ̀gá sọ pé "ṣe báyìí". Síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ, owó sì ń wọlé. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e nìyí.

Ṣé òótọ́ ni pé orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀gá àgbà?

Òótọ́ ni, àṣà náà kò sì tíì gbó rárá. Títí wọ àárín àwọn ọdún 1960, oyè ni àwọn ará Swídìn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró níwájú dókítà á ní, "Ṣé Dókítà ti rí lẹ́tà náà?", bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè wọn ní "du", ìyẹn "ìwọ". Ó tún ní "ni", tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ "ẹ̀yin", àmọ́ ẹni tó bá pe ọ̀gá ní "ni" ti tàbùkù rẹ̀. Lọ́dún 1967 ni Bror Rexed di olórí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìlera, ó sì kéde fún àwọn òṣìṣẹ́ pé "du" lòun á máa pe gbogbo wọn, kí wọ́n máa pe òun náà ní Bror. Nǹkan ti ń yí padà kó tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Kò sí ìdí tí Yorùbá fi ní láti kó ìyẹn wálé. "Ẹ" tiwa kò dí ẹnu ẹnikẹ́ni. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iye tẹ́ ẹ kọ síbí yìí kò pé" ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí ọ̀gá gbọ́.

Tí kò bá pàṣẹ, ta ló wá ń pinnu?

Ọ̀gá náà ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ní Dẹ́nmáàkì lọ́dún 1899, àwọn agbanisíṣẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún nǹkan bí 100 ọjọ́. Àdéhùn tí wọ́n fi parí ìjà náà sọ pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, agbanisíṣẹ́ ló sì ni àṣẹ láti darí iṣẹ́ kó sì pín in. Nọ́wè ṣe irú àdéhùn tirẹ̀ lọ́dún 1935, Swídìn ṣe tirẹ̀ ní Saltsjöbaden lọ́dún 1938. Àṣẹ kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá láti ìgbà yẹn wá. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú àṣẹ ni wọ́n ń tò.

Òfin Swídìn kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, MBL ni wọ́n ń pè é, fi í hàn kedere ní ìpín 11 rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ pinnu ìyípadà ńlá kankan, bíi kó ti ẹ̀ka kan pa tàbí kó tún iṣẹ́ pín, kó tó fúnra rẹ̀ pe ẹgbẹ́ náà jókòó. Kò pọn dandan kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ nígbà tí ìjíròrò parí, ó lè ṣe ohun tó ní lọ́kàn. Àmọ́ bó bá ti pinnu kó tó pè wọ́n, ó ti rú òfin, wọ́n sì lè gba owó gbà-má-bìínú lọ́wọ́ rẹ̀, ìpinnu náà ì báà dáa bí oyin.

Báwo ni èyí ṣe rí lójoojúmọ́?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un ní Swídìn ni förankring, láti ara ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé màníjà ilé ìkẹ́rùsí kan fẹ́ kí iṣẹ́ àárọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà dípò aago méje. Kò ní gbé e wá sí ìpàdé ní tààrà. Yóò kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó kàn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì bi wọ́n pé, "Tá a bá ṣe é báyìí, kí ló máa bàjẹ́?" Awakọ̀ kan á ní ilé ìtọ́jú ọmọ kì í ṣí kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ẹlòmíì á ní ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wá kì í dé kí aago méje tó lù, kí làwọn fẹ́ máa ṣe títí di ìgbà yẹn? Màníjà á kọ ọ́ sílẹ̀, á tún un ṣe, á padà lọ bá wọn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ìpàdé bá wá dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò ní sí àríyànjiyàn.

Àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ á rò pé wọn ò jíròrò nǹkan kan. Tó bá wá gbé àtakò tirẹ̀ dìde lọ́jọ́ yẹn, ojú burúkú ni wọ́n á fi wò ó, torí ó ti pẹ́ jù. Àṣìṣe kejì tí àlejò máa ń ṣe wà nínú ohùn. Bí ọ̀gá bá ní "bóyá a lè wo ọ̀rọ̀ yẹn", àṣẹ ló fi lélẹ̀ yẹn o.

Ilé iṣẹ́ wo ló ti fi èyí jèrè?

Handelsbanken, báńkì kan ní Swídìn, ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù, torí owó kò ṣeé fi ẹnu dùn-ún-dùn-ún darí. Jan Wallander di ọ̀gá báńkì náà lọ́dún 1970. Ó fagi lé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún, ó sì gbé ìpinnu lórí ẹni tí wọ́n máa yá lówó lọ sí ẹ̀ka. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ pé ibi tí ojú bá lè ká láti orí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ̀ka kan ti máa ṣòwò. Ìdí rẹ̀ kò le: ẹni tó mọ oníbàárà lójú, tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀, ló mọ̀ bóyá yóò san gbèsè.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ ẹ̀ka tó ń ṣe dáadáa? Wọ́n ń fi ẹ̀ka wé ẹ̀ka, wọ́n sì ń fi báńkì náà lódindi wé àwọn tí wọ́n jọ ń dọjà. Lọ́dún 1973, wọ́n dá owó àjọpín kan tí wọ́n ń pè ní Oktogonen sílẹ̀. Nígbà náà, bí èrè báńkì bá ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n á fi lára rẹ̀ sínú àpò náà, iye kan náà ni ti gbogbo òṣìṣẹ́, akọ̀wé kékeré àti ọ̀gá àgbà. Ètò ìgbà náà ni pé wọn kì í fọwọ́ kàn án títí òṣìṣẹ́ á fi pé 60 ọdún. Nígbà tí wàhálà báńkì gba gbogbo Swídìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Handelsbanken kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Níbo ló ti ń bàjẹ́?

Níbi tí ìfọkàntán bá wà tí àyẹ̀wò kò sí. Ẹ̀ka tí Danske Bank, báńkì Dẹ́nmáàkì kan, ní ní Estonia jẹ́ kí nǹkan bíi 200 bílíọ̀nù Euro gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láàárín 2007 sí 2015, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì jẹ́ owó tó ń mú ìfura wá. Òṣìṣẹ́ inú ilé ló fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ ní Copenhagen nípa rẹ̀ lọ́dún 2013. Ẹ̀ka náà ní ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́tọ̀, olú ilé iṣẹ́ kò sì lè rí inú rẹ̀. Ẹ fi wé Handelsbanken: òmìnira wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ẹ̀ka kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń fún òṣìṣẹ́ láyà láti sọ pé rárá?

Èyí ni àwọn tó ń ṣàfarawé wọn máa ń gbàgbé. Níbi iṣẹ́ tó bá ti ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ márùn-ún ní Swídìn, wọ́n ń yan skyddsombud, ẹni tó ń ṣọ́ ààbò. Bí ewu ńlá bá wà nílẹ̀, ká ní irin tó yẹ kó bo abẹ ẹ̀rọ ti já, yóò kọ́kọ́ sọ fún agbanisíṣẹ́. Bí ìyẹn kò bá tún un ṣe, ó lè dá iṣẹ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀ títí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba á fi sọ èrò wọn. Ẹnikẹ́ni kò sì lè lé e torí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tún ní láti fún aṣojú òṣìṣẹ́ méjì láyè nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá béèrè fún un.

Ilé iṣẹ́ tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìpinnu kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ iye owó tí olórí ẹ̀ka lè ná láì béèrè sílẹ̀, ẹ má sì bínú nígbà àkọ́kọ́ tó bá ná an síbi tí kò wù yín. Kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ èyí tó jẹ́: "ìmọ̀ràn ni mò ń gbà, èmi ni máa pinnu" tàbí "ẹ̀yin lẹ máa pinnu". Ẹ jẹ́ kí ọmọdé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Nínú ìwọ̀n tí Geert Hofstede, onímọ̀ ará Netherlands kan, ṣe láti mọ bí èèyàn ṣe gba àjìnnà ọ̀gá sí ọmọṣẹ́ mọ́ra, bí iye bá ṣe ga tó ni wọ́n ṣe gbà á mọ́ra tó: 18 ni Dẹ́nmáàkì ní, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 77. Nítorí náà, bí gbogbo ìpàdé bá dákẹ́, ẹ má kà á sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi màníjà ilé ìkẹ́rùsí yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà wá sọ èyí tẹ́ ẹ mú lò àti èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Kọ́fí tí wọ́n ń mu yẹn ńkọ́?

Fika ni wọ́n ń pè é, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Kálukú ló ń kó ife tirẹ̀ kúrò nílẹ̀, tọ̀gá tọmọṣẹ́.