Afárá Eyín: Eyín Méjì Tó Ń Ru Ẹrù Mẹ́ta

Eyín tó bá ká kì í fi wàhálà rẹ̀ mọ sójú àlàfo tó fi sílẹ̀. Bó bá pẹ́, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síbẹ̀. Eyín tó dojú kọ ọ́ lápá kejì á máa yọ́ jáde nítorí kò rí ohun tó ń dá a dúró mọ́, egungun tó di gbòǹgbò rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀ á sì máa joro. Ìdí nìyẹn tí dókítà eyín, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, l'Ékòó, fi máa ń fẹ́ mọ ìgbà tí eyín ti ká.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láti dí àlàfo náà: eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ lálẹ́, eyín tí wọ́n ń fi irin titanium gbìn sínú egungun, àti afárá eyín. Afárá kì í ṣe yíyọ. Eyín àtọwọ́dá kan ló wà láàárín, ìbòrí eyín kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, gbogbo rẹ̀ sì so pọ̀. Ìbòrí méjèèjì ni wọ́n á fi dé orí eyín gidi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo. Eyín àárín kò ní gbòǹgbò kankan, torí náà àwọn méjì yẹn ló ń jẹun fún ara wọn, tí wọ́n tún ń jẹun fún ẹnì kẹta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Wọ́n á béèrè iye owó, wọ́n á béèrè bóyá àwọ̀ rẹ̀ á bá tiwọn mu, wọn ò ní béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi eyín méjì aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ṣe. Kí ìbòrí tó lè wọlé, wọ́n ní láti ha eyín náà yíká, kí wọ́n ha orí rẹ̀, títí á fi kù bí èèkàn kékeré. Ohun tí wọ́n bá ha kì í hù padà. Bí eyín ẹ̀gbẹ́ bá ti jẹrà rí, tí wọ́n ti dí i rẹpẹtẹ, ìbòrí lè ṣe é lóore. Bó bá jẹ́ eyín tó dá ṣáṣá, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ìdí tí kò fi yan ọ̀nà mìíràn.

Kí wọ́n tó ha ohunkóhun, wọ́n á ya X-ray láti wo gbòǹgbò àti egungun. Eyín tó ń mì kò lè gbé afárá. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín ni, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dúró kí ojú ibẹ̀ jinná.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dunni, wọ́n á ha eyín, wọ́n á sì fi nǹkan rírọ̀ gba ẹ̀dà rẹ̀. Nǹkan rírọ̀ yìí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Alginate, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, máa ń súnkì bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ. Ẹ wá ro ẹ̀dà tó kúrò ní Ìkòyí lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn tó ń mọ eyín ní Sùúrùlérè, lẹ́yìn ọ̀kadà dispatch, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Afárá tí wọ́n bá mọ lé e lórí kò ní jókòó dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ silicone, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tó dà bíi rọ́bà, ni wọ́n sábà máa ń lò fún afárá, torí pé òun kì í tètè yí padà.

Wọ́n á fi ìbòrí ìgbà díẹ̀ bo eyín tí wọ́n ha. Nígbà tí afárá gidi bá dé, bóyá onírin, bóyá tí wọ́n fi tánganran bo irin, bóyá ti zirconia, ìyẹn oríṣi tánganran líle kan, wọ́n á fi bébà aláwọ̀ sáàárín eyín, wọ́n á ní kéèyàn gé e mọ́lẹ̀. Ibi tí àwọ̀ bá ti kun jù ló ga jù, wọ́n á ha á díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́. Bó bá fi díẹ̀ ga, ẹnu á mọ̀ ọ́n lára.

Oríṣi kan wà tí kì í gba híha púpọ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà pè. Apá pẹlẹbẹ ló ní, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín ẹ̀gbẹ́. Eyín iwájú ló bá mu jù, torí pé ẹran líle lè ṣí i kúrò.

Ìdọ̀tí tó ń wọ abẹ́ eyín àárín àti etí ìbòrí ló sábà ń ba afárá jẹ́. Orín ò débẹ̀. Òwú tí à ń fà sáàárín eyín náà ò lè gba òkè wọlé, nítorí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti so pọ̀. Abẹ́ ni wọ́n ń kì í gbà, tàbí kéèyàn lo búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè lò ó ju ọdún 10 lọ. Ẹni tó ń fi eyín ṣí ìgò ọtí kò ní lò ó tó bẹ́ẹ̀, torí tánganran máa ń ṣá. Bí ọ̀kan nínú eyín méjèèjì bá sì jẹrà lábẹ́ ìbòrí, gbogbo afárá ló lè kúrò, àlàfo kan á di méjì.

Bó bá yọ bọ́ sọ́wọ́, ẹ wé e sínú nǹkan, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má fi súpágílúù lẹ̀ ẹ́ padà. Gílúù yẹn á gan mọ́ inú ìbòrí, kò ní jókòó síbi tó ti wá mọ́, èyí tí wọn ì bá kàn lẹ̀ padà lè wá di àtúnmọ.