Ojú Ẹ̀gún: Àmì Tí A Fi Ń Dá Kákítọ́ọ̀sì Mọ̀

Púpọ̀ nínú wa ló máa ń pe ọrọ́ tí a fi ń ṣọgbà yí ilé ká ní kákítọ́ọ̀sì, nítorí ẹ̀gún rẹ̀ àti omi tó kún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdílé wọn yàtọ̀: bí a bá ṣá ọrọ́, oje funfun bíi wàrà ni yóò sun jáde, kò sì ní ohun tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní areole. Ojú ẹ̀gún ni mo fẹ́ pè é níhìn-ín, nítorí pé ó jọ ojú ara ìrèké: ó jẹ́ ibi kékeré kan lára kákítọ́ọ̀sì, tó sábà máa ń ní irun, tí ẹ̀gún, ẹ̀ka tàbí òdòdó ti ń yọ. Ewé tí ó yí padà ni ẹ̀gún náà fúnra rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Àríwá àti Gúúsù, ni gbogbo kákítọ́ọ̀sì, àfi Rhipsalis baccifera, tí ń gbé orí igi, tí ó sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ nínú igbó Áfíríkà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo kékeré kan nínú wọn, Escobaria vivipara, tí onímọ̀ ewéko Thomas Nuttall kọ́kọ́ fún lórúkọ ní ọdún 1813. Ó rí roboto, kókó kéékèèké ló bo gbogbo ara rẹ̀, orí kókó kọ̀ọ̀kan ni ojú ẹ̀gún wà, ẹ̀gún funfun sì tàn ká ibẹ̀ bí ìràwọ̀. Bí kókó bá ti gbó, kòtò tóóró kan máa ń là láti ojú ẹ̀gún dé ìdí rẹ̀, ìdí kòtò yìí, nítòsí orí igi náà, ni òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú ti ń yọ. Ní èdè Látìn, vivipara túmọ̀ sí ẹni tó ń bí ọmọ láàyè, nítorí àwọn ọmọ tó máa ń hù yí ìyá ká bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Pápá koríko gbalasa ni ilé rẹ̀, láti Alberta, Saskatchewan àti Manitoba ní Kánádà títí dé àríwá Mẹ́síkò. Ilẹ̀ oníyanrìn tàbí olókùúta wẹ́wẹ́ tí omi kì í dúró sí ló bá a lára mu, níbi tí koríko kò ga, nítorí pé koríko gíga kò ní jẹ́ kí ó rí oòrùn. Lọ́sàn-án, ó máa ń pa àwọn ihò tí ó fi ń mí dé, alẹ́ ni ó ń ṣí wọn, kí omi ara rẹ̀ má baà tán. Ìgbà òtútù rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù: ní Alberta, òtútù lè já wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n 30 Celsius sábẹ́ òdo, ṣùgbọ́n kí ó tó dé, igi yìí ti dín omi ara rẹ̀ kù, ó ti hunjọ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí yìnyín má baà fa ara rẹ̀ ya.

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, orí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bo àpáta lẹ́bàá apá òkè odò Minnesota ni ó ń hù sí, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kà á mọ́ àwọn ewéko tó wà nínú ewu àkúrun. Àpáta kan náà ni àwọn tó ń wa òkúta tà ń wá.