Bí ìjọba ṣe ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, láti Ṣábẹ dé Kétu

Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ní Ṣábẹ, ó yẹ kó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò rí bíi ti Kétu. Gíráníìtì ni àwọn òkè ńlá Ṣábẹ, òkúta líle tó ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Omi kì í gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá. Ibi tó bá ti sán, àti inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí rẹ̀, ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Ní Kétu, iyanrìn àti amọ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa. Omi wà níbẹ̀, àmọ́ ó jìn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi rí omi ní ìlú kan lè má ṣiṣẹ́ rárá ní èkejì. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ni láti mọ irú nǹkan báyìí ṣáájú, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí aráàlú ti lè rí i.

Ní Bẹ̀nẹ̀, orúkọ tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí ni Office Béninois de Recherches Géologiques et Minières, OBRGM. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wúrà nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ń wá wúrà lóòótọ́, irú èyí tó wà lápá Perma ní Atakora, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni èso iṣẹ́ wọn: máàpù, ìròyìn, òkúta tí a fi nọ́ńbà sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń wa kùsà, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n sì ti ń gba ìwé àṣẹ. Ó dáa kí ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa sọ bí ohun inú ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa jèrè bó bá bù mọ́ ọn.

Máàpù ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nínú máàpù 1/200.000, sẹ̀ntímítà kan lórí ìwé jẹ́ kìlómítà 2 lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín: etí odò, ẹ̀gbẹ́ títì tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, orí òkè, ibikíbi tí òkúta bá ti yọrí. Onímọ̀ òkúta á fi òòlù fọ́ ọ, nítorí òjò àti oòrùn ti pa ara rẹ̀ lóde láwọ̀ dà. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló máa fi awò kékeré wò. Á fi kọ́ńpáàsì wo ibi tí ìlà òkúta náà dorí kọ àti bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó. Nọ́ńbà kan náà ló máa kọ sára òkúta, sára àpò àti sínú ìwé rẹ̀. Bó bá fura pé òkúta ẹfun ni, á kán ásíìdì díẹ̀ sí i. Bó bá ti ń hó ṣùṣù, kò sí iyèméjì mọ́. Irú òkúta yìí ló wà ní Onígbóló lápá Pọ́bẹ̀, níbi tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti jọ dá ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì sílẹ̀.

Láàárín òkúta kan àti èkejì, erùpẹ̀ àti oko ló bo ilẹ̀. Níbẹ̀, ìlà tó já gé-gé-gé ni wọ́n ń fà, kí ẹni tó ń ka máàpù lè mọ̀ pé èrò ló wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí i. Máàpù tí gbogbo ìlà rẹ̀ gún régé láìjá níbì kan yẹ ní fífura sí.

Níbi tí ojú kò dé, iná mànàmáná lè débẹ̀. Wọ́n á gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, wọ́n á fi iná gba méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì, wọ́n á fi méjì tó wà láàárín ṣe ìwọ̀n iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gíráníìtì tó dì kì í fẹ́ jẹ́ kí iná kọjá, ilẹ̀ tó jẹrà tó sì lómi nínú máa ń jẹ́ kó kọjá. Bí wọ́n bá ṣe ń fa àwọn irin náà jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n náà ń jìn sísàlẹ̀. Ní agbègbè Ṣábẹ, irú ìwọ̀n yìí ló ń sọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ sọ̀ sí. Ètò omi fúnra rẹ̀ ní àwọn ọ́fíìsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nípa òkúta ni gbogbo wọn ń lò.

Yàrá àyẹ̀wò náà wà, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta kúnná láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ibi tó ṣeyebíye jù ni yàrá ìwé. Bí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́lẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa kó ohun tó ń jáde kalẹ̀ ní òkìtì kéékèèké, òkìtì kan fún mítà kan, kí wọ́n sì kọ àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe le tó àti ibi tí omi ti yọ. Kànga tó ja ènìyàn kulẹ̀ gan-an ló yẹ kí a kọ sílẹ̀ jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ni pé inú máa ń bí olówó, àwọn agbẹ́kànga á kó ẹ̀rọ wọn lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, aládùúgbò á tún san owó rẹpẹtẹ sórí òkúta gbígbẹ kan náà. Ìwé pélébé kan ì bá gbà á sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kì í tètè gbó. Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo rọ̀bì nínú òkun ní Sèmè, wọ́n fà á láti 1982 títí di 1998. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ padà síbẹ̀, inú ìwé ìgbà náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò sì mọ ibodè. Iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ nà wọ Nàìjíríà lọ́wọ́ kan, ó nà wọ Tógò lọ́wọ́ kejì. Láti 1919 ni Nàìjíríà ti ní irú ilé-iṣẹ́ yìí. Omi tí wọ́n bá fà jù ní ẹ̀gbẹ́ kan lè kan kànga ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà ó yẹ kí ìwé tọ̀tún-tòsì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lo àkọsílẹ̀ báyìí ní láti mú ibi tó fẹ́ gbẹ́ dání gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe fi hàn án, ìyẹn nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka ibẹ̀ gan-an lórí máàpù, kí méjèèjì sì pé, nítorí orúkọ abúlé nìkan kò tó lórí ilẹ̀ tí òkúta ń yí padà láàárín ọgọ́rùn-ún mítà. Bí ẹ̀rọ bá sì gbẹ́ tán, kó mú ìwé mítà-mítà náà padà wá, yálà omi yọ tàbí kò yọ.