Bí ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun àwọn àgbàlagbà ṣe ń lọ láàárín àwọn erékùṣù àti èbúté àtijọ́ Mẹditaréníà

Láti Piraeus, èbúté ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì, dé erékùṣù Santorini tó nǹkan bí 130 máìlì òkun. Ọkọ̀ tó bá ń sá máìlì òkun 18 ní wákàtí kan yóò fi wákàtí méje lé díẹ̀ rìn ín. Bó bá tú okùn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, erékùṣù ni èrò máa rí lójú fèrèsé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Orí ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ètò ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun tí ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà ń bá lọ dúró lé: òru ni ọkọ̀ fi ń rìn, ọ̀sán ni èèyàn fi ń rìn. Nítorí pé àwọn erékùṣù yìí sún mọ́ ara wọn, èèyàn lè sùn sórí ibùsùn kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì máa jí sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìtún di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 1891, Albert Ballin, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, kò fẹ́ kí ọkọ̀ Augusta Victoria dúró lásán nígbà òtútù tí èrò Amẹ́ríkà kì í pọ̀. Ó kó èrò 241 sínú rẹ̀, ó sì ní kí ó kọrí sí Mẹditaréníà. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà dé.

“Àgbàlagbà nìkan”, ìyẹn ìrìn-àjò tí wọn kì í gba ọmọdé, kò rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo iléeṣẹ́. Viking àti Virgin Voyages kì í gba ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18. Saga ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ẹni tó ti pé ọmọ 50 ọdún, ó sì gbà kí ẹni tó bá a rìn jẹ́ ọmọ 40. Òfin yìí ń mú kí wọ́n kọ́ inú ọkọ̀ lọ́nà mìíràn, nítorí kò sí ìdí láti ya yàrá ìṣeré tàbí odò ìwẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ni èrè rẹ̀ ti hàn jù. Ẹgbẹ́ tí kò dúró de ìsinmi iléèwé lè lọ ní oṣù karùn-ún tàbí ní ìparí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn ti rọ̀, tí owó ọkọ̀ sì sábà máa ń wálẹ̀. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ kan tí àwọn ará Gíríìsì ń pè ní meltemi máa ń fẹ́ láti àríwá, ó sì lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kankan. Òun ló sábà máa ń mú kí ọ̀gákọ̀ fo èbúté kan kọjá, tí èrò á kàn máa wo erékùṣù náà lókèèrè.

Ẹni tó bá pẹ́ jù náà ń wá wàhálà. Ẹni tó ti ka orí 27 nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì mọ bí Pọ́ọ̀lù ṣe kìlọ̀ pé àkókò ààwẹ̀ ti kọjá, pé ìrìn-àjò ti di eléwu. Mẹ́lítà tí ọkọ̀ wọn fọ́ sí, tí wọ́n sì ti lo oṣù mẹ́ta, ni orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Málítà lónìí. Ọkọ̀ irin kò bẹ̀rù ìgbà òtútù tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ló ń kúrò níbẹ̀ lọ sí òkun Karíbíánì nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin.

Ẹgbẹ́ kì í ra àyè bí ẹnì kan ṣe ń rà á. Olùṣètò yóò ní kí iléeṣẹ́ ya yàrá bíi mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́tọ̀ ní iye kan, nígbà mìíràn ní ọdún kan ṣáájú. Kò tíì sí orúkọ lórí yàrá kankan nígbà yẹn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń san àsansílẹ̀ ni orúkọ ń wọlé, yàrá tí kò bá sì rí olówó títí di ọjọ́ tí wọ́n dá, iléeṣẹ́ á gbà á padà. Owó tó kù sábà máa ń gbọ́dọ̀ pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹni tó bá yẹ àjò lẹ́yìn ìgbà yẹn á pàdánù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí adójútòfò ìrìn-àjò fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àsansílẹ̀, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, bí èèyàn 16 bá sanwó, ẹnì kan á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá olùṣètò ló ni àyè náà tàbí wọ́n máa pín owó rẹ̀. Iye tí wọ́n ń kọ sínú ìpolówó sì jẹ́ ti ẹnì kan nínú yàrá ẹni méjì. Opó tàbí àpọ́n tó bá fẹ́ dá sùn lè san tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Fún ẹni tó ń lo páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ló yẹ kó ṣáájú owó. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò ṣí ilẹ̀kùn Gíríìsì fún un. Físà Schengen, ìyẹn ìwé ìwọlé kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló máa gbà. Bí ọkọ̀ bá sì yà sí Tọ́kì láàárín ọ̀nà kó tó padà sí Gíríìsì, òfin ka èrò sí ẹni tó ti jáde kúrò ní Schengen tó sì tún wọlé. Físà tó gbani láyè láti wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní tó o. Tọ́kì náà ní òfin físà tirẹ̀. Etíkun ni wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, ẹni tí tirẹ̀ kò bá sì pé, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti dá a padà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo èrò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n máa péjọ sí bí fèrè ewu bá dún, kí wọ́n sì rí bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù agbéniléfòó. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 sì kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò tó wọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an kò tíì ṣe ìdánrawò kankan, torí òfin ìgbà náà fàyè wákàtí 24 sílẹ̀. Láti ọdún 2015, kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí bó ṣe ń ṣí gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó wọ èbúté, ọkọ̀ kékeré kan á gbé atọ́kọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ará èbúté ni atọ́kọ̀ yìí, ó mọ ibi tí àpáta àti iyanrìn wà lábẹ́ omi. Ọ̀gákọ̀ ṣì ni aláṣẹ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn atọ́kọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nípọn nìyí: èbúté àtijọ́ tí èèyàn sanwó láti wá wò, ọkọ̀ ńlá kì í sábà lè dé ibẹ̀. Éfésù jẹ́ èbúté ńlá nígbà ayé Pọ́ọ̀lù. Odò tí àwọn ará Tọ́kì ń pè ní Küçük Menderes ń kó ẹrẹ̀ wá sẹ́nu òkun lọ́dọọdún, títí omi fi di ilẹ̀, tí ìlú náà sì fi kìlómítà mélòó kan jìnnà sí òkun. Òpópónà olókùúta tó tọ́ láti gbọ̀ngàn ìwòran lọ sí èbúté ṣì wà síbẹ̀, àmọ́ inú koríko àti ẹrẹ̀ ló parí sí. Kuşadası ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, bọ́ọ̀sì á sì kó èrò ní nǹkan bí 20 kìlómítà. Ohun tó ṣe Éfésù náà ló ṣe Mílétù, òun náà ló ṣe Ostia, èbúté Róòmù. Civitavecchia tí ọkọ̀ ń lò fún Róòmù lónìí jẹ́ èbúté tí ọba Trajan kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì dópin. Síbẹ̀ ó fi nǹkan bí 70 kìlómítà jìnnà sí ìlú, nítorí náà ẹni tí wọ́n fún ní wákàtí mẹ́wàá á fi bíi mẹ́ta nínú rẹ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀sì.

Rhodes, erékùṣù Gíríìsì, àti Valletta, olú-ìlú Málítà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Rhodes, ọkọ̀ ń so mọ́ ẹsẹ̀ odi tí àwọn jagunjagun Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ mọ síbẹ̀ láàárín ọdún 1309 sí 1522. Ní Valletta, omi jìn dé ẹ̀bá ìlú. Èèyàn á kàn sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ẹgbẹ́ tó ní àgbà tí orúnkún ń dùn yẹ kó fi irú èbúté báyìí ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń yan ọ̀nà.

Santorini ló le jù. Òkè ayọnáyèéfín ló bú níbẹ̀ ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, àárín erékùṣù rì, òkun sì ya wọ̀ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, omi náà jìn ju ohun tí ìdákọ̀ró lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá á dúró lójú omi, ọkọ̀ kéékèèké àwọn ará erékùṣù á sì wá máa kó èrò lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Láti ibẹ̀ dé Fira, ìlú tó wà lórí òkè náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: àtẹ̀gùn 588, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí ọkọ̀ orí wáyà tó ń gùnkè ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ọkọ̀ ńlá mẹ́ta bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà ọkọ̀ orí wáyà lè jẹ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń padà. Erékùṣù náà ti wá dá iye èrò ọkọ̀ òkun lójúmọ́ dúró sí 8,000. Láti oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Gíríìsì ń gba 20 yúrò lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Santorini tàbí ní erékùṣù Mykonos láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Owó yẹn tọ́. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló ń gbá ilẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni àlejò ti jẹun tó sì sùn.

Aago ìpadà kò ní àwáwí. Ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 30 kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọkọ̀ máa ń dúró de bọ́ọ̀sì tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò bó bá pẹ́. Ẹni tó dá lọ kò ní irú àǹfààní yẹn, owó ara rẹ̀ ló máa fi wá ọkọ̀ bá lọ sí èbúté tó kàn.

Ẹgbẹ́ tí kò bá ju èèyàn mẹ́rìndínlógún lọ ní ọ̀nà mìíràn. Ní Bodrum àti àyíká rẹ̀ ní Tọ́kì, wọ́n ń fi odidi ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní gulet háyà, pẹ̀lú ọ̀gákọ̀ àti alásè rẹ̀. Ẹgbẹ́ fúnra wọn ló máa sọ ọjọ́ orí tó wọlé. Kò sí ilé tẹ́tẹ́, kò sí ibi eré orí ìtàgé, yàrá rẹ̀ sì há. Ìgbésẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ náà yí padà: ọ̀sán ni gulet ń rìn, bó bá sì di alẹ́, wọ́n á ju ìdákọ̀ró sí kọ̀rọ̀ òkun kan, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan nínú ibi tó lè sùn sí ni Knidos, Kínídù inú Bíbélì, tí afẹ́fẹ́ ti dá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù lágara. Kò sí ìlú ńlá níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìwòran àtijọ́ kọjú sí omi, inú èbúté tí àwọn ará ìgbàanì fi òkúta dí ẹnu rẹ̀ sí ìgbì ni ọkọ̀ ń dákọ̀ró sí, àtẹ̀gùn ọkọ̀ nìkan ló sì wà láàárín èrò àti omi náà.