Bí wọ́n ṣe ń ru ọkọ̀ àjẹ̀ gba inú igbó Adirondack

Nínú igbó olókè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, ibì kan wà tó ń jẹ́ Saint Regis Canoe Area. Adágún tó wà níbẹ̀ lé ní 50. Yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ ló fi kòtò wọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní odò tó ṣe é tukọ̀ láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ríru ló máa ru ọkọ̀ rẹ̀. Láti Little Clear Pond dé St. Regis Pond tó bíi kìlómítà 1. Láti ibẹ̀ dé Green Pond kúrú gan-an.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni méjì ló yẹ kó gbé ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn. Ẹsẹ̀ ẹni méjì kì í dọ́gba lórí gbòǹgbò àti òkúta: bí ti iwájú bá tẹ kòtò, ó ti fa ti ẹ̀yìn ṣubú nìyẹn. Ẹnì kan ni kó rù ú, kí èkejì gbé ẹrù. Igi kan wà ní ìbú àárín ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ kó lè gba ọrùn, tìmùtìmù kéékèèké méjì sì wà lára rẹ̀ fún èjìká. Bí òṣùká ló ṣe rí: kì í dín ìwúwo kù, ó kàn ń jẹ́ kí ẹrù jókòó dáadáa kí apá lè sinmi. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù tó gùn tó mítà 5 lè wúwo tó kìlógíráàmù 34. Èyí tí wọ́n fi Kevlar ṣe, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá tó le tó sì fúyẹ́, sábà máa ń tó bíi 20.

Gbígbé e sókè ni iṣẹ́ gidi. Wọ́n á kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù pátápátá, nítorí omi díẹ̀ tó bá kù á fi kún ìwúwo rẹ̀. Ẹni tó ń rù ú á dúró sí ẹ̀gbẹ́ àárín ọkọ̀, á tẹ orúnkún, á fà á gun itan kí inú rẹ̀ kọjú síta. Á na ọwọ́ kan mú etí rẹ̀ tó wà ní òdìkejì, á fi itan tì í sókè, á sì yí i dé orí. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ fún un. Ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ju imú lọ díẹ̀, kí imú lè gbé sókè kí ojú rí ọ̀nà.

Ìṣirò kan tún ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó pín ẹrù sí ẹ̀ẹ̀mejì kì í rin ìlọ́po méjì: ó lọ, ó padà, ó tún lọ, kìlómítà 1 ti di 3. Ìdí nìyí tó fi sàn kí ènìyàn dín ẹrù kù láti ilé.

Òfin kò gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ríru yìí gan-an ló ń ṣọ́ adágún náà jù, ó sì dára bẹ́ẹ̀: ohun tí èjìká kò bá lè gbé kì í dé ibẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń kóra jọ sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọwọ́ méjèèjì ti há sí etí ọkọ̀, kò sí èyí tí wọ́n máa fi lé wọn. Kí ọkọ̀ tó gun èjìká ni kí àwọ̀n ti bo orí.