Bí Òfin Ìpè Ẹ̀rọ Láti Òkè Òkun Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, kì í jẹ́ kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1 dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn òfin tó ń dènà ìpè ẹ̀rọ àti nọ́ńbà ayédèrú fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Èkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó bí i ni ìbínú àwọn onílé. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ rí ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Kò mọ ilé ìwòsàn yàtọ̀ sí ilé àgbà tó ń sùn. Sẹ́nétọ̀ Fritz Hollings gbé àbá òfin kalẹ̀, Ààrẹ George H. W. Bush sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. TCPA (Telephone Consumer Protection Act, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tó ń lo fóònù) ni wọ́n ń pe òfin náà. Ó fún ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu láyè láti pẹjọ́, kó sì gba 500 dọ́là lórí ìpè kan.

Ìgbà tí ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Ìpè di pọ́ọ́kú. Ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn lè ní kí kọ̀ǹpútà pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó ń pè ló ń fi nọ́ńbà tó máa hàn ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ fóònù a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ nọ́ńbà ọlọ́pàá síbẹ̀, nọ́ńbà ọlọ́pàá ni wàá rí.

Òfin kan ka irú ẹ̀tàn yìí léèwọ̀ lọ́dún 2010, àmọ́ ẹni tó wà nínú Amẹ́ríkà nìkan ló bá wí. Ọdún 2018 ni wọ́n tó nà án dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè wọlé láti òkè òkun. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni òfin TRACED, tí Sẹ́nétọ̀ John Thune àti Ed Markey gbé wá, tẹ̀ lé e: ó pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa fi àmì ìdánilójú sára ìpè pé nọ́ńbà tó hàn kì í ṣe ayédèrú, kí ilé iṣẹ́ tó bá gba ìpè náà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, ta ló máa lọ mú gbájúẹ̀ nílùú rẹ̀? Lọ́dún 2022 ni FCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n kan dá, èyí tó wú mi lórí jù: wọ́n di ẹrù náà lé ilé iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ gba ìpè òkè òkun wọlé. Ó di oníbodè ìlú, tó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń gbà wọlé.

Lọ́dọ̀ tiwa, NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ṣí nọ́ńbà 2442 lọ́dún 2016, pé ẹni tí ìpolówó bá ti sú kó fi STOP ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìpolówó nìyẹn ń dá dúró. Kò kan gbájúẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ṣì rántí ìgbà tí ọmọ máa ń pè láti Lọ́ńdọ̀nù, tí nọ́ńbà 080 sì ń hàn. Lọ́dún 2018, NCC gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ mẹ́fà fúngbà díẹ̀ lórí irú ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀.

Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́fà ni Èkìtì ní ní Àbújá. Kí wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ tó bá gba ìpè òkè òkun wọlé jẹ́jọ́ bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú.