Ta Ló Ni Àwárí Náà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Friedrich Ludwig àti Orin Ayé Àtijọ́

Ta ni Friedrich Ludwig?

Ará Jámánì ni. Potsdam ni wọ́n bí i sí ní 1872, Göttingen ló sì kú sí ní 1930. Iṣẹ́ tó gba ayé rẹ̀ ni pé kó mọ gbogbo orin alóhùn-púpọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù kọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 1150 títí wọ 1400: ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà, èyí tí wọ́n dà kọ láti ara èyí, èyí tó pàdánù ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó gba ọ̀rọ̀ tuntun. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí tó lè pẹ́ lórí rẹ̀ kó má dárúkọ Ludwig. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ló ka ìwé rẹ̀ tán, èmi ò sì dá àwọn tó kù lẹ́bi. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú, ẹ ó sì rí ìjà tó wáyé lórí ẹni tó kọ́kọ́ rí bí a ṣe lè mọ gígùn ohùn nínú orin àtijọ́ kan.

Ṣé olórin ni tẹ́lẹ̀ ni?

Ìtàn ló kà. Ní yunifásítì Strasbourg, abẹ́ Harry Bresslau ló ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ìwé àtijọ́ wò, kí a mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1896 dá lórí bí àwọn arìnrìn-àjò àti ọmọ ogun ṣe máa ń yára rìn tó ní ọ̀rúndún kejìlá àti ìkẹtàlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sùúrù tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ gan-an ni orin àtijọ́ náà ń fẹ́.

Ẹni tó fà á wọ agbo orin ni Gustav Jacobsthal, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ ìwé jáde, tí ìmọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀. (Albert Schweitzer, dókítà Lambaréné ní Gabon, jókòó níwájú Jacobsthal bákan náà. Òun ló ròyìn pé ọkùnrin náà kò ka orin tó bá jáde lẹ́yìn Beethoven sí iṣẹ́ ọnà rárá.) Nígbà tí Jacobsthal fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1905, Ludwig ló bọ́ sípò rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ láti ilé ìkówèésí kan sí òmíràn káàkiri Yúróòpù, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da orin kọ.

Kí ló ṣòro nínú kíka orin tó ti wà nínú ìwé?

Ẹni tó bá ti wà nínú kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ sol-fa. Lẹ́tà ń sọ ohùn, kólọ́ọ̀nù àti àwọn àmì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ bí a ó ṣe fa ohùn náà pẹ́ tó. Ká ní ẹnìkan wá nu gbogbo àwọn àmì kéékèèké yẹn kúrò. Lẹ́tà ò ní dín kan, ṣùgbọ́n ẹni méjì tó bá dì í mú kò ní parí lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé orin kàtídírà Notre-Dame ti Paris ṣe rí lójú ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe orin kékeré. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Anonymous IV, ló sọ fún wa pé Leonin àti Perotin, àwọn olórin kàtídírà náà, ló ṣe èyí tó ṣe pàtàkì nínú wọn. Ní 1198, Odo de Sully, bíṣọ́ọ̀bù Paris, mẹ́nu kan orin olóhùn mẹ́rin nínú àṣẹ tó pa lórí ìsìn kàtídírà náà. Orin «Viderunt omnes» ti Perotin olóhùn mẹ́rin ṣì wà títí dòní.

Ara bí wọ́n ṣe so àmì orin pọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Àwọn olùkọ́ orin ìgbà náà ṣàlàyé ìlànà mẹ́fà tí ohùn gígùn àti ohùn kúkúrú fi ń tẹ̀ léra. Bí akọrin bá rí àmì mẹ́ta tó so pọ̀, tí méjì-méjì sì tẹ̀ lé e, ó ti mọ̀ pé ìlànà kìíní ni: gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú, bẹ́ẹ̀ lọ. Ludwig mọ ìlànà yìí lò dáadáa ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Níbo wá ni ìjà ti wọ̀ ọ́?

Lórí orin àwọn troubadour, akéwì-akọrin gúúsù Faransé, àti àwọn trouvère ti àríwá. Orin olóhùn kan ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ àmì rẹ̀ ló dá dúró lórí ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ìsopọ̀ tó máa tọ́ni sọ́nà. Ẹnìkan wá dá a lábàá pé kí a fi ìwọ̀n ewì fúnra rẹ̀ mọ èyí tó yẹ nínú àwọn ìlànà mẹ́fà náà.

Ta lẹni náà? Jean Beck, ọmọ Alsace (agbègbè tí Strasbourg wà) tó kàwé ní Strasbourg, ní òun ni. Pierre Aubry tó wà ní Paris náà ní òun ni. Ẹ̀sùn olè jíjà ìmọ̀ dìde, ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ní 1909, wọ́n sì dá Beck láre. Ludwig náà jẹ́ kó hàn pé lọ́dọ̀ òun ni èrò náà ti jáde, ìsàlẹ̀ ojú ewé ló sì ti ń sọ ọ́, ní lẹ́tà wínníwínní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn wọn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní tèmi, ó jẹ̀bi díẹ̀: ẹni tó sọ èrò rẹ̀ ní kíláàsì tí kò tẹ̀ ẹ́ jáde ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjà yìí ló pa Aubry?

Aubry kú ní August 1910 lẹ́ni ọdún 36, idà eré ìdárayá ló ṣe é léṣe. Ìtàn wá gbilẹ̀ pé ńṣe ló ń gbára dì láti bá Beck ta kàǹgbọ̀n. Ìtàn náà dùn létí, àmọ́ kò sí ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Beck kọjá sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó sì kú sí Philadelphia ní 1943.

Ìwé Ludwig tí gbogbo èèyàn ń sọ ńkọ́?

Apá kìíní «Repertorium» jáde ní 1910. Ẹni tó bá ṣí i láti wá orin yóò bínú: àkójọ ni, ìgékúrú lẹ́tà lórí ìgékúrú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Wilhelm Meyer ti sọ ní 1898 pé motet, irú orin tó gbajúmọ̀ jù ní ọ̀rúndún kẹtàlá, bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ègé orin Notre-Dame. Ludwig ló lọ tú àwọn ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi motet sí ẹ̀gbẹ́ ègé tó ti wá, tó sì fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lẹ́tà tó fi pe àwọn ìwé náà kò tíì yí padà: F fún ti Florence, W1 àti W2 fún ti Wolfenbüttel, Mo fún Montpellier, Ba fún Bamberg.

Kí ló dé tí kò fi parí?

Ogun wà lára rẹ̀. Alsace ti wà lọ́wọ́ Jámánì láti 1871. Ní 1918 Faransé gbà á padà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jámánì sì ní láti kó ẹrù wọn. Ludwig dé Göttingen ní 1920, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ní 1929. Láàárín náà, ó gbé orin Guillaume de Machaut, akéwì-olórin Faransé ọ̀rúndún kẹrìnlá, jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, láti 1926 sí 1929. Ìkẹrin jáde ní 1954, Heinrich Besseler, ọ̀mọ̀wé orin ará Jámánì, ló parí rẹ̀. Àwọn apá «Repertorium» tó kù kò jáde lódidi àfi láti 1961, nígbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti kú.

Ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì gba ìlànà mẹ́fà yẹn?

Fún ọ̀pọ̀ orin alóhùn-púpọ̀ ti Notre-Dame, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú àríyànjiyàn lórí àwọn ibi tí ohùn òkè ti ń ṣàn lórí ohùn kan tí wọ́n fà gùn. Fún orin troubadour, ìyẹn ibi tí wọ́n ti jà gan-an, ọ̀pọ̀ ti kúrò nídìí rẹ̀. Hendrik van der Werf wà lára àwọn tó sọ pé ọ̀rọ̀ ewì ló ń darí akọrin, bó bá ṣe fẹ́ pè é. Ẹ wá orin Bernart de Ventadorn tó ń jẹ́ «Can vei la lauzeta mover» lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu akọrin méjì tàbí mẹ́ta: gígùn ohùn wọn lè má bára mu rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin kan náà ni wọ́n ń kọ.